Iná kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí àmàlà: àgbéyẹ̀wò táńkì tó ń sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di gáàsì

Lóṣù kẹjọ, nígbà tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun kún ilé wa, ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Àmàlà ni mò ń rò. Mo ti da èlùbọ́ sómi híhó, mo ti rò ó dé ìdajì, ni iná tó ń jó búlúù tẹ́lẹ̀ bá pọ́n, ó rẹlẹ̀, ó kú. Kókó ló kún inú ìkòkò. Àlejò mọ́kànlá sì wà ní pálọ̀. Ìyàwó ọmọ mi ló sáré lọ fi igi dáná lẹ́yìnkùlé kí á tó rí òmíràn rò. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára mi.

Gàrí ni mò ń ṣe l'Ọ̀tà-Ẹfun, níbí l'Òṣogbo. Èèpo tí à ń bó lára ẹ̀gẹ́ máa ń ga bí òkìtì, ó ń rùn, àwọn aládùúgbò ń bínú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan tajà wá bá mi, ó ní táńkì àwọn á sọ ọ́ di gáàsì, pé màá fi se ọbẹ̀, màá sì fi yan gàrí. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ ṣáà máa dà á sínú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi.

Mi ò ní purọ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Kò sí èéfín lójú, ìdí ìkòkò ò dúdú.

Lálẹ́ ọjọ́ àmàlà yẹn, ìgbà méje ni mo pe ọ́fíìsì wọn. Ìgbà kẹjọ ni obìnrin kan tó gbé e.

"Ẹ má bínú, mà. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí wọ́n ti gbé e wá?"

Mo sọ fún un.

"Há, ó ti kọjá gàráńtì, mà. Ọjọ́ 90 ni."

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo wà! Mo ní, "Ọmọ mi, mi ò bi ọ́ ní gàráńtì. Kí ló pa iná mi?" Ó ní ẹnjiníà á pè mí. Ẹnikẹ́ni ò pè. Ọ̀gbẹ́ni tó ń pè mí ní ìyá rẹ̀ ti pa fóònù.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin tó wá to táńkì náà ló dé lórí ọ̀kadà. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó ní ẹnu obìnrin ọ́fíìsì yẹn lòun ti gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó bu omi díẹ̀ nínú táńkì, ó ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. Bébà náà pọ́n.

"Mọ́mì, ó ti kan. Lórí òdiwọ̀n kíkan, 5 ló wà, ó sì yẹ kó wà nítòsí 7; bí nọ́ńbà bá ṣe ń relẹ̀ ló ṣe ń kan sí i. Kí lẹ ń fún un?"

"Èèpo ẹ̀gẹ́."

"Òun nìkan? Garawa mélòó?"

"Mẹ́ta, láràárọ̀."

Ọmọ náà gbọ́wọ́ lérí. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ní ikùn ni táńkì yẹn. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú ẹ̀: àwọn kan ń sọ èèpo di omi kíkan, àwọn mìíràn ń jẹ omi kíkan yẹn, àwọn yìí ló ń mú gáàsì tó ń jó jáde, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tén. Àwọn ti àkọ́kọ́ yára, àwọn onígáàsì ò yára. Tí oúnjẹ bá pọ̀ jù, omi kíkan á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Oró tó wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́, tí à ń tìtorí ẹ̀ rẹ ẹ̀gẹ́, ń yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú. Ìgbẹ́ màlúù ló ń gbé wọn ró.

Ẹ gbọ́, èmi tí mò ń di ẹ̀gẹ́ sínú àpò kó lè kan kí n tó yan án, ṣé èmi ni ẹ ò lè sọ ọ̀rọ̀ omi kíkan fún? Imú lásán ni mo fi ń mọ èyí tó kan jù. Ká ní ọ̀gbẹ́ni yẹn dárúkọ omi kíkan lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ tó gba owó mi, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibí.

A dá oúnjẹ dúró. A gbé ìgbẹ́ màlúù wá láti kara, ọjà màlúù, garawa omi kan sí garawa ìgbẹ́ kan, pẹ̀lú omi eérú díẹ̀díẹ̀. Gáàsì tó kọ́kọ́ jáde ò gbaná. Ọmọ náà ti sọ tẹ́lẹ̀, ó ní kí n tú u dànù níta, jìnnà síná. Ọjọ́ kẹtàlá, iná búlúù jó! Mo pariwo títí àwọn ará ilé fi sáré jáde. Owó ọkọ̀ nìkan lọmọ náà gbà, mo bá di gàrí fún un.

Mo bi í bóyá n lè da ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń sun dànù ní sọ́míìlì sí i. Ó ní rárá, igi le jù fún àwọn kòkòrò yẹn. Ìyẹ̀fun pákó, ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó le, kí wọ́n tó fi dáná.

Ní báyìí, èèpo tí kò kún garawa kan, pẹ̀lú ìgbẹ́ díẹ̀, ń fún mi níná tó tó wákàtí kan lóòjọ́. Ó tó fún ọbẹ̀ àti àmàlà, kò tó fún ẹ̀wà. Ti gàrí yíyan, irọ́ gbuu ni. Igi àti èésan ekùrọ́ ni mo ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn jáde lẹ́yìn táńkì, mo ń bu ú sídìí ewédú mi, ẹ wá wo ewé!

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san àsansílẹ̀ táńkì kejì, torí èèpo ṣì kù nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ọmọkùnrin yẹn ni kó wá tò ó.