Sọ́fítíwíà rìsọ́ọ̀tì iléèwé: èwo ni fọ́tò ò ní ṣe bàìbàì nínú PDF ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra sọ́fítíwíà rìsọ́ọ̀tì, oríṣi méjì lẹ máa bá lọ́jà. Ọ̀kan ń ṣe PDF fúnra ẹ̀ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà náà wà lórí ẹ̀), ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ti gbogbo kíláàsì á jáde. Ìkejì á ṣí rìsọ́ọ̀tì sínú Chrome, ẹ̀yin lẹ máa tẹ Print kẹ́ ẹ wá mú Save as PDF. Mo ti fowó mi ra méjèèjì.

Ìyára: ti sáfà ló yá, kò sí ìjà níbẹ̀.

Owó: ẹ ṣáà ná an dáadáa.

Fọ́tò: ibí lowó mi gbà lọ. Ti sáfà tí mo kọ́kọ́ rà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbé lógò sí i báyìí ló ti ń dín in kù sí pixel 100 ní fífẹ̀ (pixel ni àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò), kò sì ní sọ fún yín. Ẹ wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ó dáa, torí pixel 96 ni bíráúsà ń kà sí ínṣì kan, àmọ́ tí lógò yẹn bá ní láti fẹ̀ tó ínṣì méjì lórí bébà, pixel 50 péré ló kan ínṣì kan, bẹ́ẹ̀ 300 lẹ nílò kí títẹ̀ ẹ̀ tó mọ́. Ohun kan náà ló ṣe sí sáìnì prínsípà, ó wá dà bíi pé òjò pa á, bébà olówó ńlá ṣòfò, àwọn òbí ń bi wá bóyá ayédèrú ni. Àwọn tó tà á fún mi ní kí n gbé èyí tó tóbi sí i, mo gbé e, ó tún gé e kù. Pixel tó bá sì ti lọ ti lọ nìyẹn o.

Ti Chrome tí mo ń lò báyìí kì í fọwọ́ kan fọ́tò. Lógò SVG (èyí tí wọ́n fi ìlà yà, tí kì í ṣe pixel) gan-an, bó ṣe wù kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ tó, ó mọ́ kedere. Wàhálà ẹ̀ ò ju kẹ́ ẹ fi Scale sí 100, kẹ́ ẹ sì máàkì Background graphics, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ tó wà lẹ́yìn tébù á pòórá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń ṣe PDF. Tí wọ́n bá ní wkhtmltopdf (irinṣẹ́ tó ń sọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù di PDF), wọ́n ti pa iṣẹ́ ìyẹn tì lórí GitHub, níbi tí kóòdù ẹ̀ wà, láti 2023, smart shrinking inú ẹ̀ sì lè sọ gbogbo ojú ewé di kékeré. Ẹ gba PDF kan lọ́wọ́ wọn, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 400%, tàbí kẹ́ ẹ fi pdfimages -list (àṣẹ tó ń to àwọn fọ́tò inú PDF) yẹ̀ ẹ́ wò: tí x-ppi àti y-ppi (iye pixel tó kan ínṣì kan ní ìbú àti ní òró) ò bá dọ́gba, wọ́n ti fa ojú ọmọ gùn tàbí fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn. (Pásípọ́ọ̀tù tí òbí bá fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi document, WhatsApp náà máa ń fún fọ́tò pọ̀.)

Méjèèjì ló ní ibi tó dáa sí. Iléèwé tọ́mọ pọ̀ sí, tí kò sí ẹni tó ń wo lógò, ti sáfà á bá wọn lára mu. Ẹni tí òbí ẹ̀ bá ń yẹ sáìnì wò, kó jókòó ti Chrome ẹ̀.