Ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tó ń ta ìsinmi orí kelong ní Mersing ti kó owó wa lọ

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Johor Bahru, Kuala Lumpur àti káàkiri Màléṣíà, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á gbé yín lọ sùn sórí kelong lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì. RM4,340 (owó ringgit ti Màléṣíà) ló bá a lọ. Owó ènìyàn 14 ni, èmi ni mo sì gbà á jọ lọ́wọ́ wọn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kelong ni ilé pákó táwọn apẹja kọ́ sójú òkun, lórí òpó igi nibong tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú omi. Ẹni tó bá ti rí ilé àwọn Ìlàjẹ létí òkun á ti mọ bó ṣe rí. Wọ́n á fi ọ̀pá ṣe ọgbà gígùn tó ń darí ẹja wọnú àwọ̀n, tí ilẹ̀ bá ṣú wọ́n á tan iná kí ẹja lè máa wá. Àwọn onílé kan ti ń gba àlejò sùn níbẹ̀ báyìí. Ohun tó wù wá nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ìsinmi ìparí ọdún, kí àwọn ọmọ rí òkun, kí àwa àgbà pẹja, kí a sì jọ jẹun.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ọkùnrin náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló pa wá. Owó rẹ̀ kò wọ́n jù, kì í sì í ṣe owó pọ́ọ́kú. RM260 fún ẹnì kan, iye tí àwọn tó kù náà ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ìwọ̀ àti ìjẹ ẹja wà nínú rẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹní sí, akàn àti edé lórí tábìlì, àwọn ọmọ nínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó fi fídíò ibi tí wọ́n ti ń fa sotong (squid) jáde nínú omi lóru ránṣẹ́. Mo bi í bóyá àwọn Mùsùlùmí inú wa á rí oúnjẹ halal jẹ, ó ní Mùsùlùmí ni alásè òun. Mo bi í nípa ilé ìyàgbẹ́. Mo bi í nípa jẹnẹrétọ̀, ó ṣàlàyé ìgbà tí wọ́n ń tàn án àti ìgbà tí wọ́n ń pa á. Olè wo ló ń fara balẹ̀ tó báyẹn? Ó tiẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń kíni, "ẹ káàárọ̀" ló máa ń kọ sí mi láràárọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi á máa gbọ̀n.

Ìdajì ló kọ́kọ́ gbà, RM1,820. Nígbà tó yá ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè ọjọ́ yẹn, kí n san ìyókù kí wọ́n má bàa gba ààyè wa. Mo san án. Ó tún ní RM50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìdójútòfò ẹ̀mí (insurance) nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo san ìyẹn náà. Orúkọ obìnrin ló wà lórí àkáǹtì, mo sì béèrè o! Ó ní ìyàwó òun ló ń bá òun tọ́jú owó. Ta ni kì í fi owó pamọ́ sọ́wọ́ ìyàwó? Ó tún gba fọ́tò ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa, pé wọ́n á kọ orúkọ èrò sílẹ̀ ní èbúté. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura. Pásípọ́ọ̀tù èèyàn 14 ló wà lọ́wọ́ ọ̀daràn báyìí, kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn.

A háyà bọ́ọ̀sì kékeré, a gbéra ní ìdájí. Nígbà tí a dé èbúté Mersing ní ìhà ìlà-oòrùn Johor, òjò ń rọ̀, omi ń ru, kò sí ẹni tó ń dúró dè wá. Mo pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Mo tún pè, ó ti pa á. Awakọ̀ ojú omi kan wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní òun mọ kelong náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò gba àlejò láti oṣù kọkànlá títí òjò ńlá á fi kọjá. Oṣù kejìlá la wà! Fọ́tò ilé onílé ni ọkùnrin yìí ń tà fún wa, ní àsìkò tí ilé náà wà ní títì pa.

Màmá kan tó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn wà láàárín wa. Wọ́n ti dín àkàrà dání. Wọ́n jókòó sórí kúlà lábẹ́ òrùlé èbúté, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú, òkun ò kúkú sá lọ." Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Àfi bí ọmọdékùnrin kan nínú wa ṣe bi mí níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ san owó yẹn fún un ṣá?" Èmi! Èmi tí mo fi owó tèmi kún ti ẹni tí kò ní! Mo ti gbé gbogbo rìsíìtì sí ojú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń rò ó, kó lọ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Awakọ̀ yẹn tún ní àwa kọ́ làkọ́kọ́. Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n mọ̀! Tí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọn ò lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri èbúté? Mi ò sọ pé ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́, àtẹni tó ni kelong, àtẹni tó ni ọkọ̀, àtẹni tó ń bá wọn wá èrò.

Ẹ gbọ́ èyí kíákíá. Ìhà ìlà-oòrùn Johor kì í ṣe ibi tí à ń lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ìjì máa ń jà lójú òkun nígbà náà. Ẹni tó bá gba owó yín fún àsìkò yẹn láìsọ nǹkan kan nípa ìjì, ẹ sá fún un. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, orúkọ ilé iṣẹ́ ni kó wà níbẹ̀, kó sì ní ìwé àṣẹ MOTAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù àti ti àkáǹtì sí Semak Mule, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọlọ́pàá ṣe kí èèyàn lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fẹjọ́ nọ́ńbà náà sùn rí. Mo tẹ ti ọkùnrin yìí lẹ́yìn tó ti lọ tán, wọ́n ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn tẹ́lẹ̀! Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún gàdàgbà sórí ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí owó bá ti jáde, 997, nọ́ńbà ìjọba fún àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì, ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àgọ́ ni èmi kọ́kọ́ lọ, owó ti kúrò nínú àkáǹtì nígbà tí mo máa pè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sanwó fún kelong Mersing sí àkáǹtì obìnrin, tí ọkùnrin tó ń kí yín ní "ẹ káàárọ̀" sì ní ìyàwó òun ni, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ó lè ti yí fóònù padà, ṣùgbọ́n tí àkáǹtì bá jẹ́ ọ̀kan náà, a ó kó ẹjọ́ wa pọ̀ fún ọlọ́pàá tó ń wádìí rẹ̀.