Oyin Ìgò, Ṣírọ́ọ̀pù Olóyin, Ìyẹ̀fun Oyin: Èwo Ló Jẹ́ Oyin Nínú Wọn?

Lórí pẹpẹ kan náà ní súpámákẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn tàbí Èkó, nǹkan mẹ́ta ló máa ń jókòó ti ara wọn, tí gbogbo wọn ya kòkòrò oyin sára: oyin inú ìgò, ṣírọ́ọ̀pù tí wọ́n bu oyin díẹ̀ sí, àti ìyẹ̀fun oyin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dùn, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ oyin. A ò bá àwọn méjì yòókù jà. Ẹni tó fẹ́ nǹkan dídùn tí kò wọ́n fún búrẹ́dì ọmọ ilé ìwé lè rà wọ́n. Àmọ́ kí olùtajà pè wọ́n ní orúkọ wọn.

Ẹ̀yìn ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Òfin NAFDAC ní kí wọ́n to èròjà láti orí èyí tó wúwo jù wá sí èyí tó kéré jù. Ní ti oyin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, kò gba kí wọ́n fi èròjà oúnjẹ kankan kún ohun tí wọ́n bá pè ní oyin. Tí “glucose syrup”, “invert sugar” tàbí “fructose” bá ṣíwájú “honey”, ṣírọ́ọ̀pù ni ẹ mú dání. Tó bá jẹ́ “honey flavour” ni wọ́n kọ, ó lè má sí ẹ̀kán oyin kan nínú rẹ̀. Èyí tó sọ iye oyin inú rẹ̀ ló sàn jù nínú wọn, torí ẹ lè ṣírò owó yín: ìgò 500 gíráàmù tó kọ ìdá 30 nínú 100 kò ní ju 150 gíráàmù oyin lọ. Ẹ pín owó náà sí 150, kí ẹ fi wé iye tí gíráàmù kan oyin gidi ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé “ẹ̀dínwó” náà ò sí.

Nọ́ńbà NAFDAC dára, àmọ́ ẹ má fi ṣe gbogbo ẹ̀rí. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n tọ́ ìgò tó wà lọ́wọ́ yín wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú Greenbook tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá orúkọ ọjà bá nọ́ńbà náà mu.

Ní ti oyin tí wọ́n ń rọ sínú ìgò ọtí àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò ní ìwé kankan lára, síkéèlì ilé ìdáná ṣe é fi dán wò. Ẹ wọn ìgò náà pẹ̀lú oyin inú rẹ̀, kí ẹ sì fi bírò fàlà sí ibi tó kún dé. Ẹ da oyin sínú abọ́ gbígbẹ, ẹ fọ ìgò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n lófìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sí i títí dé ìlà yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ yọ ìwọ̀n ìgò kúrò lára méjèèjì, kí ẹ fi ìwọ̀n omi pín ìwọ̀n oyin. Oyin tó gbó máa ń fún yín ní nǹkan bí 1.4. Ìgò tó gba 750 gíráàmù omi gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi 1,060 gíráàmù oyin. Tó bá jẹ́ 1,000 péré, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti bu omi là á. Ibi tí ọgbọ́n yìí mọ nìyẹn, torí ṣírọ́ọ̀pù tó ki dáadáa náà lè wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdánwò tí wọ́n ń kọ́ni kiri ò tilẹ̀ tó èyí. Oyin tó rì sísàlẹ̀ omi? Ṣírọ́ọ̀pù náà ń rì. Ìṣáná tó gbiná lẹ́yìn tí wọ́n tì í bọ oyin? Bí omi ṣe kéré tó nínú nǹkan náà ló ń sọ. Èèrà tí wọ́n ní kì í lá oyin gidi? Ó ń lá a. Àṣìṣe tó ń dùn wá jù ni ti àwọn tó ń da oyin nù pé “ó ti di ṣúgà”. Oyin gidi máa ń dì, glúkóòsì inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi tí kò gbóná ju 40°C lọ títí yóò fi yọ́. Ẹ má gbé e ka iná: ooru ń ba òórùn rẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú kí HMF, èròjà tó ń jáde nígbà tí ooru bá ba ṣúgà inú oyin jẹ́, pọ̀ sí i. Codex fi HMF mọ sí 40 mílígíráàmù nínú kílò kan, àti 80 fún oyin ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Oyin tó ń jẹ oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì látàárọ̀ dalẹ́ ń sún mọ́ ààlà yẹn díẹ̀díẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó.

Tí ìdérí bá ta, tí fófòó bá bo orí ìgò, tí òórùn kíkan sì ń jáde, omi ti pọ̀ jù nínú oyin náà. Ìdá 20 nínú 100 ni Codex gbà. Ohun tó sábà ń fà á ni kíkórè afárá tí kòkòrò oyin ò tíì dé lójú, tàbí ṣíṣí kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ nígbà òjò. Òórùn èéfín tí àwọn kan gbà pé ó jẹ́ àmì oyin igbó kò jẹ́rìí nǹkan kan ju pé wọ́n fi iná lé kòkòrò rẹ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rò pé tiyín yàtọ̀. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù yẹ àpẹẹrẹ oyin 320 tó ti òkè òkun wọlé wò, àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2023 fura sí 147 nínú wọn, títí kan gbogbo mẹ́wàá tó gba Britain kọjá. Àdàlù náà ti gbọ́n: ìdánwò àtijọ́ ń mú ṣúgà ìrèké àti ti àgbàdo, àmọ́ ṣírọ́ọ̀pù ìrẹsì ń yọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi ìgò tó dárúkọ orílẹ̀-èdè kan ṣáájú èyí tó kọ “blend of non-EU honeys”.

Ìyẹ̀fun oyin ò pẹ́ yẹ̀ wò. Oyin kì í dá gbẹ di ìyẹ̀fun, torí ó ń fa omi mọ́ra. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi maltodextrin (ìyẹ̀fun tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe) tàbí ṣúgà gbé e dìde. Ó wúlò fún ẹni tó ń po kéèkì gbígbẹ, kò sì sí ìdí míì tí a ó fi san owó oyin lé e.

Èyí tó burú jù lójú wa ni “no added sugar” tí wọ́n ń kọ sára bísíkíìtì tàbí júùsì tí wọ́n fi oyin dùn. Lójú WHO, ṣúgà inú oyin wà lára èyí tó yẹ ká dínkù: kó má ju nǹkan bí 50 gíráàmù lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000. Ṣíbí ìjẹun oyin kan wúwo tó 21 gíráàmù, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó 17; mẹ́ta ti gba ààyè ọjọ́ kan. Ìgò tó bá kọ pé oyin òun kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ alárùn ìtọ̀ ṣúgà sókè, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Èyí tó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí botulism, àrùn májèlé kòkòrò àìfojúrí tó lè wu ọmọ ọwọ́ léwu, ti ṣe ohun tó yẹ.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oyin ìgò tó kọ gíráàmù rẹ̀, ibi tó ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ la ó rà. Ṣírọ́ọ̀pù tó sọ ìdá oyin rẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tó ya afárá gàgàrà síwájú, tó wá fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ “honey flavour” sẹ́yìn, kò yẹ lẹ́ni tí ń gbé e sínú apẹ̀rẹ̀.