Àpò PICS fún Irúgbìn Àgbàdo
Mo fi àpò PICS, èyí tí ó ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò híhun kan níta, tọ́jú irúgbìn àgbàdo títí di òjò àkọ́rọ̀, n kò sì rí kòkòrò kan tí ó wà láàyè nígbà tí mo tú u, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n àpò yìí kì í gbẹ àgbàdo o! Èyí tí mo kánjú dì ní tútù bu, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ẹni tí ó tà á kò kìlọ̀ fún mi. Nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ mi àgbàdo pọ̀ mọ́ iyọ̀ gbígbẹ nínú ìgò: bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgò, a jẹ́ pé àgbàdo náà kò tíì gbẹ, mo sì tún un sá.