Ọ̀rọ̀ tó jọra ní ìtumọ̀: ṣé kí ọmọ há a sórí ni, àbí kí ó lò ó?

Àhásórí yá. Olùkọ́ kọ “wò, tẹjú mọ́, yọjú wo” sójú pátákó, àwọn ọmọ kà á tẹ̀lé e, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ á rò pé ọ̀kan lè rọ́pò èkejì níbi gbogbo. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń yọjú wo ìta. Ẹni tó tẹjú mọ́ nǹkan kò fẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ní ti lílò, ẹ ní kí ọmọ kan fara ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà lójú kíláàsì, kí àwọn yòókù fi gbólóhùn sọ ohun tó ṣe. Ariwo á pọ̀ o, àkókò á sì lọ. Síbẹ̀, èyí ni mo fara mọ́. Àhásórí wúlò fún àtúnyẹ̀wò lẹ́yìn náà.