Síkẹ́ẹ̀tì àdìrẹ Ìbàdàndùn tí mo rà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta: ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ aró rẹ̀

Ibi ìsọmọlórúkọ tí mo wọ̀ ọ́ lọ ló ti ṣẹlẹ̀, níbí ní Ìbàdàn. Oòrùn mú, mo làágùn díẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dìde láti lọ fún ọmọ lówó, etí bùbá lẹ́ẹ̀sì funfun mi ti di aró yípo, láti ẹ̀yìn dé ikùn. Aṣọ funfun tí wọ́n fi bo àga náà gba tirẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló sáré fi ìborùn rẹ̀ bò mí. Ìyá mi ló ra bùbá yẹn fún mi. Mo ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

Kí n tó máa bínú lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: síkẹ́ẹ̀tì náà dára. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi ni. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, kì í ṣe àbẹ́là tí wọ́n fi fóòmù tẹ̀. Bátànì Ìbàdàndùn náà hàn dáadáa: òpó gbọ̀ngàn Mápó tò lọ gbọọrọ, ṣíbí wà láàárín wọn. Télọ̀ wọn mọṣẹ́: níbi tí ó ti rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, òpó pàdé òpó, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n gé e. Ìsàlẹ̀ ló bà á jẹ́, ó gé àwọn ṣíbí sí méjì.

Bátànì tó tóbi báyìí kò fẹ́ alábàárìn. Tọ́ọ̀pù aláwọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú síkẹ́ẹ̀tì kí ìbàdí hàn. Ẹ má wé gèlè olódòdó sí i. Ẹni tí kò bá ga, bíi tèmi, kó wọ bàtà onígìgísẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á gbé e mì.

Mo kọ̀wé sí ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà lórí WhatsApp. Ó ní, "Àǹtí mi, àdìrẹ tí kò bá yọ aró, ayédèrú ni." Ìyá mi àgbà wọ àdìrẹ títí ó fi kú, kò kun ẹnikẹ́ni! Ọmọbìnrin náà ní kí n fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́ mọ́jú. Mo rẹ ẹ́, aró ṣì ń yọ. Mo tún kọ̀wé, ó ní, "A kì í gba ọjà padà mà, ẹ ti wọ̀ ọ́." Ó wá fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé sí i lẹ́yìn, bíi pé ó ń bẹ̀ mí. Àwòrán yẹn ló dá mi lágara jù. Mo wọkọ̀, ó di Abẹ́òkúta.

Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Màmá kan jáde láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró dé ìgbọ̀nwọ́. Kò bá mi jiyàn. "Ọmọ mi, gbé e wá kí n wò ó." Ó fi omi tó àkísà funfun kan, ó fi nu inú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wo àkísà, ó wo ọmọbìnrin yẹn. "Ta ló ní kí ẹ gbé èyí fún télọ̀? N ò tíì ṣan án tó." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

Màmá bu omi sínú abọ́ tánganran ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan án, ó ń ṣàlàyé fún mi. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ni. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Aró tó bá ti wọnú òwú kì í tètè lọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ òkè ló ń kun ènìyàn, bí wọ́n bá sì ṣe rì í léraléra kó lè dú tó ni ìyẹn ṣe ń pọ̀ tó. Omi ló ń gbé e kúrò, iyọ̀ ò ràn án. Ó ń dà á nù, ó ń bu òmíràn, títí mo fi rí òdòdó ìsàlẹ̀ abọ́ náà kedere. Ó tún fi àkísà nù ún: funfun báláú. Inú mi rọ̀ pátápátá. Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ bí ọkùnrin.

Ó ní kí n máa dá a fọ̀, omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kí Jik má kàn án rárá. Kí n yí inú rẹ̀ síta, kí n sá a sí ibòòji, kí n sì lọ̀ ọ́ láti inú nígbà tó bá ṣì tutù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe, kò kun nǹkan kan mọ́, kò sì ṣá.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n má bínú. Kò dárúkọ bùbá mi. Irú màmá yẹn wà lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n sì ń gbé aṣọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó parí iṣẹ́! Sípù síkẹ́ẹ̀tì náà sì ti ń há báyìí.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Mo ti sanwó òmíràn sílẹ̀, bátànì Olókun, lọ́wọ́ màmá fúnra rẹ̀.