Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onípísítìn àti onísíkúrù: èwo ló yẹ ibi iṣẹ́ yín ní Àjàṣẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ má jẹ́ kí táǹkì ńlá gba ojú yín. Táǹkì kì í mú afẹ́fẹ́ wá, ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Iye lítà tí ẹ̀rọ ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì fi wé iye tí irinṣẹ́ yín ń gbà.

Ẹni tó ń fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré ń lo bárù (ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì) 2 sí 2.5, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé, ó lè di 8. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń lò kò pọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń sinmi láàárín táyà kan sí èkejì. Ti ẹni tó ń kun ọkọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bíi bárù 3 lè tó o, àmọ́ ìbọn ọ̀dà rẹ̀ lè gba 200 sí 350 lítà ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ lójijì.

Onípísítìn, tí písítìn ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kò wọ́n, mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì alùpùpù dáadáa sì lè tú u kó sì pààrọ̀ ríìngì rẹ̀. Ooru ni ìṣòro rẹ̀: nínú wákàtí kan, kó má ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí 30 sí 40 ìṣẹ́jú lọ. Èyí tó ń fi bẹ́líìtì yí ni mo fara mọ́, nítorí ó ń yí díẹ̀díẹ̀, kì í tètè gbó bí èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára o! Ohun tó ń fà wọlé ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín níwájú ọlọ́jà. Ẹ tú táǹkì sílẹ̀ pátápátá, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa wo aago. Bí táǹkì 100 lítà bá dé bárù 8 ní ìṣẹ́jú 4, 100 lọ́nà 8 jẹ́ 800. Ẹ pín in sí 4, ó di 200 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Onísíkúrù, tí síkúrù méjì ń yí pọ̀ nínú rẹ̀ láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ láìsinmi, ariwo rẹ̀ sì kéré. Ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dúró ló yẹ. Ẹni tó ń lò ó ní wákàtí kan lóòjọ́, tó rà á torí iyì, ń ba owó jẹ́. Bí kò bá gbóná tó, omi inú afẹ́fẹ́ kò ní gbẹ, yóò dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, yóò sì jẹ bẹ́ríìnì rẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀sà wa yìí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù fún omi, ewu yẹn kò kéré. Fún ẹni tó ń kun ọkọ̀, tó ní ọmọṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, onípísítìn oníbẹ́líìtì, agbára ẹṣin 4 sí 5.5, táǹkì 200 lítà, ni màá ní kó rà.

Èyí tí kò ní ọ́ìlì, ti dókítà eléyín àti ti ibi oúnjẹ ni.

Bí agbára bá ti ju ẹṣin 3 lọ, ó sábà máa ń bèèrè iná oníwáyà mẹ́ta, 400 fóòtì (V). Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Níbi tí wáyà iná kò dé, onípísítìn tó ń jẹ bẹntiróòlù ló kù.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ìdí táǹkì. Omi máa ń jókòó síbẹ̀, á sì máa jẹ irin láti inú títí táǹkì yóò fi bẹ́. Ẹ ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí omi pupa bá tú jáde, tàbí tí àwo tí wọ́n kọ bárù rẹ̀ sí kò bá sí lára rẹ̀ mọ́, ẹ má rà á.